Orúkọ Ìyá Tí Báńkì Béèrè

Wọn ò pè é, wọn ò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, wọn ò tilẹ̀ ní "ẹ má bínú." Lẹ́nu ẹ̀rọ POS ni Ṣìmí ti gbọ́ ọ, lójú gbogbo ayé, ní ṣọ́ọ̀bù Síkírù aláṣọ lọ́jà Yábà.

"Kò lọ o, Àǹtí." Síkírù tún ti káàdì náà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. "Ó ní owó ibẹ̀ ò tó."

"Kò tó báwo? Mílíọ̀nù méjì ni báńkì ní kí n máa rí rà láwìn lórí káàdì yẹn. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án lóṣù yìí!"

Síkírù dín iye náà kù, ó tún dín in kù. Ìgbà tó tẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ni ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dún, tó pọ bébà jáde. Wọ́n ti gé límíìtì rẹ̀ mọ́jú, bí ẹni gé èékánná.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Aṣọ ilé-ìwé ni Ṣìmí ń rán ní Ìpọ̀nrí, kì í sì í jẹ báńkì lówó kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ilé-ìwé kan ti san àsansílẹ̀ fún yunifọ́ọ̀mù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wọlé. Àsansílẹ̀ náà ló fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan, torí ó gbọ́kàn lé káàdì fún owó aṣọ. Bí kò bá rí aṣọ rà, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù náà, Àmúdàtù ló fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Àmúdàtù, òun ló gbé Ṣìmí wá sí Èkó lọ́mọ ọwọ́, nígbà tí ìyá tó bí i kú sórí ìkúnlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí ìyá rẹ̀. Ṣìmí fúnra rẹ̀ ò pe ẹlòmíràn ní ìyá rí.

Inú bí i. Ó kọrí sí báńkì.

Wọ́n jẹ́ kó jókòó títí ìdí fi ń dùn ún. Kọ́ládé tó ń mójú tó ọ̀ràn káàdì ló dá a lóhùn níkẹyìn, ọmọkùnrin tó mọ kóòtù wọ̀, tí lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ló fi káàdì náà lọ Ṣìmí níjọ́sí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù Ṣìmí; ní Sọ́ńdè tó kọjá pàápàá, ó rí i lórí WhatsApp níbi tó ti gbé àwòrán ìyá rẹ̀ sí, tó ń kí ìyá náà, Christianah, kú ọjọ́ ìbí.

"Àǹtí mi, kọ̀ǹpútà ló gé e," ni Kọ́ládé wí.

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà ló ní kí ẹ má sọ fún mi?"

"Ó wà nínú àdéhùn tí ẹ tọwọ́ bọ̀. Ìgbà tó bá wu báńkì ló lè gé e."

"Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run! Ìgbà tí ẹ fẹ́ kí n gbà á, ẹ pè mí títí mo fi fẹ́ ju fóònù nù. Ìgbà tí ẹ fẹ́ gbà á padà, ẹ wá ya odi!"

Àwọn oníbàárà yíjú wò ó. Kò kà wọ́n sí.

Kọ́ládé rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá kan wà ní Èbúté Mẹ́ta. Ó ń gba aṣọ fọ̀, ó sì ń ṣe ènìyàn lóore. Owó tiẹ̀ ò ní límíìtì. Ẹ ṣáà ti sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ wá."

Owó wo ni kò ní límíìtì? Ṣìmí kì í ṣe ọmọdé, ó mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dà ní Èkó. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti gbóná, ojú sì ń tì í láti lọ sọ ọ́ fún Àmúdàtù. Ó tún rò ó pé òun á fi han báńkì yìí: òun á ra ilé tó dojú kọ tiwọn, òun á máa ti òkè rẹ́rìn-ín wò wọ́n. Ó gba àdírẹ́sì.

Ọ̀sán gangan ló débẹ̀. Ilé àtijọ́ kan lẹ́bàá ojú irin ni, wọ́n fi ọ̀dà kọ "Alágbàfọ̀" sára ògiri. Aṣọ kún inú ilé dé àjà: kóòtù, bùbá, aṣọ ìgbéyàwó, gbogbo wọn nínú ọ̀rá, eruku ti bo ọ̀rá. Aránṣọ ni Ṣìmí, ó mọ aṣọ olówó ńlá bó bá rí i. Ta ló ń kó irú èyí wá fọ̀ tí kò ní padà wá gbà á?

"Oníbàárà mi ni wọ́n," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Wọn ò tíì ráyè wá."

Baba Morákinyọ̀ tí Kọ́ládé júwe nìyẹn. Kò so ohunkóhun mọ́ra, kò kun ohunkóhun sójú. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ dáadáa ló wọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì mú Ṣìmí gba àárín àwọn aṣọ náà lọ sí yàrá kan tí kò ní fèrèsé.

Òórùn ọṣẹ parí lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fìtílà kan ló ń jó nílẹ̀, ìkòkò dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ga dé àyà ènìyàn, ẹnu rẹ̀ ò ju ẹnu àwo ọbẹ̀ lọ. Ohun kan ń mí nínú rẹ̀.

"Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré láti àtàǹpàkò rẹ," ni Baba wí. "Lẹ́yìn náà n óò pè ọ́, wà á dá mi lóhùn. Owó á máa wá títí á fi sú ọ."

Ó yẹ kó sá. Kò sá. Ó na àtàǹpàkò, Baba gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ kán sínú ìkòkò. Mímí náà dúró díẹ̀, ó sì wá ń yára, bíi ti ajá tó gbóòórùn ẹran.

"Ṣé o rí orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ níta?" Baba ń rẹ́rìn-ín. "Ìkòkò mi ò mọ̀ ọ́n. Inú tí o ti jáde ló mọ̀. Bí mo bá ti pe ìyá, ọmọ á jẹ́ ni, ó fẹ́, ó kọ̀. Ẹni tó bá sì ti jẹ́, ó ti wọlé."

"Wọlé síbo?"

Baba bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó kún yàrá.

"Àáké pe igi, igi bọ́ sílẹ̀. Àwọ̀n pe ẹja, ẹja bọ́ sí bèbè. Èmi ni mo pè ọ́ lónìí, má kọ ìpè mi. Ìwọ ọmọ Àmúdàtù! Ọmọ Àmúdàtù! Ọmọ Àmúdàtù, jẹ́ mi lóhùn!"

Ṣìmí di ojú. Ó ń retí kí ẹnu òun ya fúnra rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ò mì. Ìkòkò ló ń kùn, ebi ń pa á.

Ó la ojú. Òun ò dárúkọ Àmúdàtù nínú ilé yìí. Ibì kan ṣoṣo ló ti dárúkọ rẹ̀: níwájú Kọ́ládé, lọ́jọ́ tó gba káàdì, nígbà tí wọ́n bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀ kí báńkì lè máa fi dá a mọ̀ lórí fóònù. Áà! Kọ́ládé ló ń gé límíìtì àwọn ènìyàn, Kọ́ládé náà ló ń darí wọn síbí. Gbogbo aṣọ tó wà níta yẹn, ó ní ọrùn tó wọ̀ wọ́n rí.

Ìbínú àárọ̀ tún padà wọ̀ ọ́, ó lé ẹ̀rù jáde. "Ẹ̀yin òṣìkà! Ẹ̀yin àti báńkì, ẹnu kan náà lẹ fi ń jẹ wá!"

Kọ́ládé ti àárín àwọn aṣọ yọ, níbi tó ti ṣáájú Ṣìmí wá sá pamọ́ sí, ó ti wá gba ìpín tirẹ̀. "Baba, kò tíì wọlé ni?"

"Irọ́ lo kó fún mi!" Òógùn ti bo Baba. "Àmúdàtù kọ́ ló bí i. Ìkòkò ti ṣí o, ó gbọ́dọ̀ jẹun. Bí kò bá rí i jẹ, àwa ló máa jẹ!"

Kọ́ládé fò mọ́ Ṣìmí, ó fún un lọ́rùn. "Ta ló bí ọ? Sọ ọ́!"

Ojú Ṣìmí ń ṣú. Lọ́fínńdà yẹn gbà á nímú, ó sì rántí àwòrán Sọ́ńdè. Ẹni tó ń ta orúkọ ìyá oníyàá, tó sì gbé ti ìyá tirẹ̀ síta fún gbogbo ayé!

"Tú mi sílẹ̀," ó ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Etí Baba nìkan ni n óò sọ ọ́ sí."

Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí sílẹ̀. Ṣìmí wo Kọ́ládé lójú. Ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, kò sì bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́.

Baba yíjú sí ìkòkò kíákíá. "Ìwọ ọmọ Christianah!"

"Hòo!"

Ṣìmí kọ́ ló jẹ́. Kọ́ládé fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ẹyinjú rẹ̀ fẹ́ jábọ́. Baba náà fẹ́ dákẹ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀, ó ń pè é lọ. "Ọmọ Christianah!" Ohùn Kọ́ládé gba àárín ìka rẹ̀ jáde: "Hòo!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Egungun ń ṣẹ́ lẹ́nu ìkòkò bí igi ìdáná, awọ rẹ̀ ń fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù. Ó fi ìka walẹ̀, èékánná rẹ̀ yọ kù sílẹ̀. "Mọ́mì!" ló pè kẹ́yìn, kí àgbọ̀n rẹ̀ tó wọlé. Ohun tó kù nílẹ̀ ni kóòtù rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò hunjọ níbì kankan.

Baba gbá Ṣìmí lẹ́sẹ̀ mú. "Ẹni tó mú oúnjẹ wá ni ìkòkò ń sanwó fún. Ìwọ ni o. Dúró, ọmọ mi, a jọ máa lówó ni!"

"Ẹ jẹ owó yín fúnra yín!"

Áyọ́ọ̀nù eléédú kan wà létí ògiri. Ṣìmí gbé e sókè, ó là á mọ́ ìkòkò. Ọwọ́ ló jáde láti inú àpáàdì, ọwọ́ pọ̀, àwọn kan ṣì wọ òrùka ìgbéyàwó, wọ́n sì dì mọ́ Baba. Bí wọ́n ti ń fà á, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀ lápò rẹ̀. Ṣìmí mú un. Igbe Baba ń bá a dé ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá ló bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àmúdàtù, ó sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Wọ́n ta ẹ̀rọ ńlá náà. Síkírù gé aṣọ fún wọn, àwọn méjèèjì sì jókòó ti ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n ń rán an.

Ó ku ọ̀la kí ilé-ìwé wọlé ni fóònù dún. Ohùn obìnrin kan ni, ó dùn bí oyin.

"Ẹ kú oríire, oníbàárà wa! Báńkì ti sọ límíìtì yín di ogún mílíọ̀nù. Ká lè mọ̀ dájú pé ẹ̀yin ni, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ìyá yín?"

Lẹ́yìn ohùn náà, ohun kan ń mí.

Ṣìmí wo Àmúdàtù tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ lọ́wọ́. Ó yọ káàdì nínú pọ́ọ̀sì, ó gbé e sún mọ́ ẹnu fóònù, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì, ó tún gé e. Mímí náà dúró.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" ó bi wọ́n. "Èmi náà ti gé e. Mi ò sì sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

"Ta nìyẹn?" ni Àmúdàtù béèrè.

"Báńkì ni, Màámi," ni Ṣìmí wí, ó pa fóònù, ó sì fa aṣọ tó kàn mọ́ra.