Sikirath Fẹ́ Di Olùkọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ àna, Nafiou, àfẹ́sọ́nà Sikirath, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí oko bàbá ọmọbìnrin náà ní Kika, wọ́n ń kọ ebè iṣu. Bí Nafiou bá gbé ọkọ́ sókè, ọkàn Sikirath a bá a gòkè. Òógùn ń dán lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kajú.

Sikirath gbé oúnjẹ dé. Bassirou, ọ̀rẹ́ Nafiou, kò jẹ́ kó tíì sọ igbá kalẹ̀.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní ẹ̀rọ lo ń kọ́ débi oyè dókítà. Bí ọkọ ẹ bá ṣàìsàn, ṣé wàá tú u palẹ̀, kó o fi gíríìsì sí i ni?"

"Ìwọ ni màá kọ́kọ́ tú," Sikirath dá a lóhùn. "Ẹnu ẹ ló ń pariwo jù."

Gbogbo oko bú sẹ́rìn-ín. Nafiou nìkan ló wolẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ yẹn gún Sikirath lọ́kàn bí ẹ̀gún.

Yunifásítì kan ní Parakou ń wá àwọn tí yóò máa kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìforúkọsílẹ̀ sì kù díẹ̀ kó parí. Sikirath ti ń múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé ilé ní Tchaourou, ó pa gbogbo rẹ̀ tì.

Lọ́jọ́ kejì, Tata Maïmounatou, olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì tó mú bí àǹtí, wá wo ẹ̀rọ tí Sikirath ṣe láti fi mú gbodo, iṣu tí wọ́n fi ń ṣe èlùbọ́, gbẹ. Òjò ń rọ̀. Gbodo àwọn aládùúgbò tó wà níta ti ń hu olú, ti inú ẹ̀rọ gbẹ, ó funfun báláú.

"Iṣẹ́ rèé!" ni tata wí. "O ti forúkọ sílẹ̀?"

"Mi ò ṣe mọ́, tata. Nafiou kò fẹ́."

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó dákẹ́ ni."

"Ṣé o bi í?"

Sikirath mi orí.

"Háà! Ìbéèrè tó ò bi lo fẹ́ torí ẹ̀ ba ayé ara ẹ jẹ́? Gbọ́, ọmọ mi. Oyè dókítà kì í ṣe òpin ọ̀nà. Bí ẹ bá gbà á tán tí gbogbo yín sá fún iṣẹ́ olùkọ́, ta ni àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ máa wò? Èmi lọ́kọ, mo bímọ, mo sì ń kọ́ni. Ìsinmi ìbímọ wà nínú òfin. Bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó so yín ní yìgì!"

Sikirath bá Nafiou lẹ́bàá ojú irin.

"Nafiou, mo fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì. Ṣé wàá fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

Nafiou lanu. "Ta ló ní mi ò fẹ́?"

"Bassirou ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, o wolẹ̀."

"Bí mo bá gbójú sókè, màá gbá a létí! Ta ló ń jà lóko àna? Kí bàbá ẹ lè ní oníjà ló fẹ́ gbé ọmọ òun?" Ó dì í lọ́wọ́ mú. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ, gíríìsì wà nímú ẹ. Orí mi ò tíì padà bọ̀ sípò. Gbé ìwé ẹ, ká lọ sí Parakou."

Alùpùpù Nafiou ló gbé e lọ forúkọ sílẹ̀.

Níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gba olùkọ́ ní yunifásítì náà, ọkùnrin kan bi í pé, "Bí o bá lọ́kọ, ṣé wàá ráyè kọ́ni?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà níyàwó, ẹ sì ń ráyè," ni Sikirath fèsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣàlàyé bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń lé omi kúrò nínú iṣu láìsí oòrùn, títí tí wọn kò fi ní ìbéèrè mọ́.

Sikirath ló gba iṣẹ́ náà! Ìyá rẹ̀ fi ijó dé títì, àwọn zém, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ń fun fèrè. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, àwọn ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbé àga wọn wá síwájú.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń kàwé oyè dókítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ olùkọ́ tọ́ sí yín. Ẹ tètè béèrè ìgbà tí wọ́n ń gba èèyàn, ẹ wá obìnrin tó ti rìn ín rí kó máa tọ́ yín sọ́nà. Ẹ má ṣe kọ ara yín sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ̀ yín. Ẹ̀yin òbí àti àfẹ́sọ́nà, ẹ la ẹnu yín kí wọ́n gbọ́: "Máa lọ, mo wà lẹ́yìn ẹ."