Ẹni Kejì Nínú Ọkọ̀ Ìbàdàn

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí Babárìndé rí Olútóyìn lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè. Aṣọ àdúrà funfun ló wọ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé bàtà rẹ̀, omi sì ti rin etí aṣọ náà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ bàbá rẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀. Orin ló ń kọ. Bí ó bá dé ibi tí àtẹ̀gùn ti fọ́, á gbé ohùn sókè díẹ̀, á dúró, lẹ́yìn náà á tún máa lọ.

Babárìndé tó ń gùn bọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà. Bàbá dáhùn, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló kọjú sí. Ọmọkùnrin náà rò pé ìgbéraga ni.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé bàtà yín,” ó sọ fún ọmọbìnrin náà.

“Bàtà tí mo fi ọwọ́ kan gbé, ta ló sọ fún yín pé ó wúwo?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Babárìndé.

Lọ́dún 1981 ni mò ń wí. Tísà ni Babárìndé, ọmọ àlejò sì ni. Ìhà Ìkirè ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó olóko, kí ọmọ tó kàwé. Olútóyìn ní tirẹ̀ ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà. Bàbá rẹ̀, Ọmọ́yẹlé, ni alága ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó, ohùn rẹ̀ sì máa ń gba gbogbo gbọ̀ngàn kan.

Kò pẹ́ tí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì Babárìndé fi bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń gbé e lọ fún Olútóyìn rán.

“Tísà, ẹ̀yin lẹ ń já bọ́tìnì yìí.”

“Èmi kọ́. Ìfẹ́ ló ń já a.”

“Ìfẹ́ yín ò mọ owó òwú. Bí ó bá já gbogbo rẹ̀ tán ńkọ́?”

“Màá wá bá bàbá yín, olólùfẹ́ mi.”

Olútóyìn tẹrí ba sórí máṣíìnì kó má baà rí bí inú òun ti dùn tó.

Kí ó tó lọ bá bàbá náà ni mítìnì ẹgbẹ́ dé. Gbogbo àgbẹ̀, onílẹ̀ àti àlejò, ló ń dáwó lórí kòkó tí wọ́n bá tà. Owó yẹn ni alága fi ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti lọ sọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń ra kòkó. Babárìndé dìde nítorí bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀wé.

“Ẹ jẹ́ kí a máa lẹ àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò mọ́ ara ògiri, kí gbogbo wa máa rí i.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbọ̀dé, ṣí ìwé, ó sì kà á sókè: alága, Ìbàdàn, owó ọkọ̀ ẹni méjì. Ó tún kà á: ẹni méjì.

Babárìndé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Ta ni ẹni kejì?”

“Àlè ni!” ẹnì kan pariwo lẹ́yìn. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀rọ̀ ara mi ni,” Ọmọ́yẹlé wí.

Lọ́jọ́ kejì, Olútóyìn ju ṣẹ́ẹ̀tì Babárìndé sí i láyà.

“Owó àwọn àgbẹ̀ ni, Tóyìn. Bàbá mi wà nínú wọn.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi bàbá mi ṣe ẹlẹ́yà lójú gbogbo ayé.”

“Ta wá ni ẹni kejì?”

“Èmi ni.”

Ẹnu ya Babárìndé. “Kí lẹ ń bá wọn lọ ṣe?”

“Tèmi kọ́ láti sọ. Ẹ máa lọ.”

Ó lọ, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Orí àtẹ̀gùn òkè ló jókòó sí, ibi tó ti kọ́kọ́ rí i. Ó wo àtẹ̀gùn tó fọ́ náà, orin yẹn sì padà sí i létí. Ọwọ́ tó wà ní èjìká. Bàbá tó dáhùn ìkíni tó kọjú síbòmíràn. Ìgbéraga kọ́! Bàbá kò ríran dáadáa mọ́; orin ni ọmọ rẹ̀ fi ń jẹ́ kó mọ ibi tí àtẹ̀gùn ti fọ́. Ìbàdàn ni dókítà ojú wà, bàbá sì ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba ipò alága lọ́wọ́ òun.

Ní mítìnì tó tẹ̀ lé e, gbogbo ojú wà lára Babárìndé.

“Ibi tí a lọ, iṣẹ́ tí a lọ ṣe àti iye tí a ná, ara ògiri ni kó wà,” ó wí. “Mi ò yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ara ènìyàn, tirẹ̀ ni. Kò yẹ kí n bi Bàbá bí mo ṣe bi wọ́n. Ẹ foríjì mí, sà.”

“Wọ́n ti fi ọmọbìnrin dí i lẹ́nu!” ẹnì kan pariwo.

Wọ́n bú u, bàbá tirẹ̀ pàápàá sì tẹrí ba nítorí ìtìjú. Gbólóhùn kan péré ni ì bá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé e mì. Ọmọ́yẹlé gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọmọkùnrin yìí ti mọ̀.

Nínú ìjọ Aládùúrà, ẹnikẹ́ni kì í fipá mú ènìyàn jẹ́rìí, ẹnikẹ́ni kì í sì í dá ẹni tó bá dìde láti jẹ́rìí lẹ́kun. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ọmọ́yẹlé dìde, ó di èjìká ọmọ rẹ̀ mú.

“Ojú mi ń lọ, ẹ̀yin ará. Olútóyìn ni ẹni kejì, òun ló ń mú mi rìn. Mo fi owó ẹgbẹ́ gbé e wọkọ̀ láì sọ fún ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi. Ọmọkùnrin kan mọ̀, kò sọ. Ó jẹ́ kí wọ́n bú òun dípò mi.”

Halelúyà gba ilé kan. Olútóyìn ń sunkún, ó sì ń fojú wá Babárìndé lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ kò yọ Ọmọ́yẹlé nípò. Wọ́n lẹ àkọsílẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé alága àti ẹni tó ń mú un rìn ni.

Nígbà tí Babárìndé àti bàbá rẹ̀ wá tọrọ ọmọ, ìbéèrè kan ni Ọmọ́yẹlé ní.

“Bí mo bá fún ọ ní Tóyìn, ta ló máa mú mi dé Ìbàdàn?”

“Èmi ni, sà.”

“Wọ́n á lẹ orúkọ rẹ mọ́ ògiri o.”

“Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ gbàdúrà lórí òkè. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò ní èjìká ọmọ rẹ̀, ó fi lé ti Babárìndé.

“Kọrin, olówó orí mi,” Olútóyìn wí lẹ́yìn wọn. “Àtẹ̀gùn tó fọ́ wà níwájú.”

Babárìndé kọrin. Kò mọ̀ ọ́n kọ rárá, Olútóyìn sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá dúró, ó fi ẹsẹ̀ wá ibi tó fọ́ náà, ó sì gbé ẹsẹ̀ kọjá.

“Ohùn burúkú,” ó wí. “Máa kọ ọ́ lọ, ọmọ mi.”