Bátìrì Kékeré Inú Sípínà Oníná

Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló di ìdérí ampilifáyà náà mú. Ìyá Rédíò ti tú márùn-ún, ó sì ń fi sukudiráfà ti ẹ̀kẹfà, tí orí rẹ̀ ti jẹ. Kò sọ̀rọ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń tún rédíò àti sípíkà ṣe, kò sì tíì rí ẹni tó fi ẹnu tú nọ́ọ̀tì.

Ọkùnrin mẹ́ta ló yí i ká. Télọ̀ ló nilé, òun náà ló ra ampilifáyà. Onígbàjámọ̀ mú sípínà tuntun wá, ohun ìṣeré alápá mẹ́ta tí àwọn àgbàlagbà yìí máa ń gbé sórí ìka, tí wọ́n á máa yí i bí ẹni tí kò níṣẹ́. Ẹ̀kẹta wọn ni Tíṣà. Mọ́kànlá ni sípínà tirẹ̀.

Oṣooṣù ni wọ́n ń pàdé ní pálọ̀ Télọ̀ láti fi ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà han ara wọn. Òfin wọn ni pé ohunkóhun tó bá jẹ́ tuntun, a ó tú u lójú gbogbo ènìyàn. Òfin náà ní ìdí. Lọ́dún tó kọjá, Onígbàjámọ̀ ra sípíkà kan tó wúwo bí irin. Nígbà tí wọ́n tú u, sìmẹ́ǹtì ló wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, títí kan ara wọn. Wọ́n wá fi òfin kejì kún un: bí nǹkan bá sọnù níbi tí a ti ń tú ẹrù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí a ó fi rí i.

"Bátìrì mi dà?"

Onígbàjámọ̀ ló pariwo. Sípínà tirẹ̀ máa ń tan iná bó bá ń yí. Ó ti tú u, ó sì ti yọ bátìrì mẹ́ta nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ, tó ń dán bí owó ẹyọ. Inú àwo kan lórí àpótí ìjókòó kékeré ló kó wọn sí. Méjì ló kù níbẹ̀.

Télọ̀ dìde, ó ti ilẹ̀kùn ìta, ó sì sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. "Òfin lòfin."

Onígbàjámọ̀ kò wo ilẹ̀. Tíṣà ló ń wò.

"Kí lò ń wò mí fún?"

"Ta ló ń ráhùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé iná sípínà òun ti kú?"

"Ṣé èmi lò ń pè lólè? Nítorí ohun tí kò ju èékánná lọ?"

"N kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo kàn mọ̀ pé bátìrì kò ní ẹsẹ̀."

"Èmi ni mo ní ẹsẹ̀?"

"O ní méjì. Bọ́ bàtà tó wà níbẹ̀."

Tíṣà bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta. Ṣọ́ọ̀kì fífọ́ ló jábọ́. "Ó kan ìwọ náà. Ẹni tó kọ́kọ́ ké olè, òun ló yẹ ká tú wò."

Wọ́n tú Onígbàjámọ̀, wọ́n rí òòyà. Ni àwọn méjèèjì bá kọjú sí Télọ̀, nítorí òun ló jókòó sún mọ́ àwo náà jù.

"Èmi? Nínú ilé mi?"

"Ta ló yára ti ilẹ̀kùn?"

Báyìí ni wọ́n ṣe fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣòfò.

Ìyá Rédíò yẹ inú ampilifáyà wò, ó ní ojúlówó ni. Àwọn mẹ́ta ṣì ń jiyàn lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé sukudiráfà sílẹ̀ ló rí Màmá Kékeré, ọmọ Télọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yìn àpótí náà ló jókòó sí. Ó mú bísíkíìtì dání, kò gé e jẹ. Itọ́ ti rin gbogbo àyà aṣọ rẹ̀.

"Télọ̀, ìgbà wo lọmọ yìí ti ń da itọ́?"

"Ẹ má dá a lóhùn, mà. Eyín ló ń hù."

"Ọmọ ọdún mẹ́ta! Eyín ti bàbá ta ló ń hù?"

Ó kúnlẹ̀, ó la ẹnu ọmọ náà wò. Kò rí nǹkan kan. Ọmọ náà gbìyànjú láti dá itọ́ mì, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"Ṣílẹ̀kùn."

"A ò tíì rí bátìrì, mà," Onígbàjámọ̀ wí.

"Mo fura pé ọ̀fun ọmọ yìí ló wà. Ṣílẹ̀kùn!"

Ìyàwó Télọ̀ gbọ́ ariwo, ó sáré ti ẹ̀yìnkùlé gba inú ilé wọ pálọ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó di ìgò òróró mú. "Ẹ jẹ́ kó mu èyí, á yọ̀ lọ."

"Gbé e sílẹ̀, ìyàwó. Má fún un ní òróró, má fún un lómi, má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì."

"Bó bá ti dé ikùn, ṣebí yóò bá ìgbẹ́ jáde?" Onígbàjámọ̀ béèrè.

"Bó bá ti dé ikùn. Ṣé o ti wọ ibẹ̀ lọ wò ó? Mo gbé irú bátìrì yìí sórí ẹran tútù rí, láti fi han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Wákàtí méjì kò pé tí ẹran náà fi jó dúdú. Itọ́ ọ̀fun ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹran ara lọ̀fun ọmọ yìí."

Kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ Télọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìyá Rédíò mú ọ̀kan nínú bátìrì méjì tó kù, ó wé e sínú bébà.

"Bó bá wá jẹ́ pé kò gbé e mì ńkọ́?" Tíṣà béèrè.

"Ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lè fara da ẹ̀rín."

Ọkọ̀ Onígbàjámọ̀ ló gbé wọn lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn na ọwọ́ sí ìlà àwọn tó ń dúró.

"Bátìrì pẹlẹbẹ la rò pé ọmọ yìí gbé mì," ni Ìyá Rédíò wí. "Irú rẹ̀ nìyí."

Nọ́ọ̀sì náà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó di inú lọ́hùn-ún. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Dókítà fi han Télọ̀: ohun róbótó funfun kan, tí etí rẹ̀ ní ìlà méjì.

"Owó ẹyọ kì í ní ìlà kejì yìí," ni dókítà wí. "Bátìrì ni."

Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi yọ ọ́. Dókítà ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí jó ọ̀fun náà, àmọ́ kò tíì dá a lu. Ọmọ náà yóò sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. "Ká ní ẹ dúró títí di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ tí à bá máa sọ yàtọ̀."

Onígbàjámọ̀ kò lè wo ojú Tíṣà. "Má bínú, ọ̀rẹ́. Mo fura sí ẹni tí kò yẹ."

"Gbogbo wa la fura," Tíṣà dáhùn. "A kàn fura sí ohun tí kò lè pa ènìyàn ni."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi sípínà ṣeré, ẹ̀yin tí ẹ ní rìmóòtù sípíkà nílé: bátìrì pẹlẹbẹ kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ nínú àwo. Ẹ má ra ohun ìṣeré tí ìka lásán lè ṣí ibi tí bátìrì rẹ̀ wà. Èyí tó ti kú lójú yín ṣì lè jó ọ̀fun ọmọdé, nítorí náà ẹ wé e sínú téèpù kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí èyí tuntun sì wà níbi tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì. Bí ọ̀kan bá sọnù níbi tí ọmọdé wà, ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá fura pé ó gbé e mì, tàbí pé ó tì í bọ imú tàbí etí, ẹ má retí àmì kankan. Ọmọ mìíràn kì í húkọ́, kì í sì í sunkún. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú irú bátìrì náà dání. Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ oògùn tí a kò lò ní wákàtí rẹ̀, ìfowóṣòfò ni.

Kí Ìyá Rédíò tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó kí ìyá ọmọ. Ó yí sí Tíṣà.

"Sípínà mọ́kànlá lo ní. Mélòó nínú wọn ló ní iná?"

"Mẹ́rin, mà."

"Ọmọ mélòó ló wà nílé yín?"

 Tíṣà ti ń sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Rédíò gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì tẹ̀ lé e jáde.