Obìnrin Tó Ṣáájú Rohaya Délé

Owó tí ẹ̀rọ ìgbowó báńkì pọ̀ jáde tutù lọ́wọ́ Rohaya bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí yìnyín. Oòrùn ọ̀sán ìlú Vientiane mú débi pé ògiri tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí kò ṣeé fọwọ́ kàn, síbẹ̀ owó tutù, ó sì ní ọ̀rinrin díẹ̀. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, ó gba káàdì rẹ̀. Ẹ̀rọ bi í lójú dígí bóyá ó ṣì fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn. Kò dá a lóhùn. Ta ní ń ráyè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ó ti kẹ́yìn sí i, ó ti ń sọdá títì, nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò rí ẹnì kankan.

Aṣọ ló ń tà ní Kota Bharu, ní Malaysia, níbi tí òun àti Shukri ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú Nuha, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin la ilẹ̀ Síámù, tí Bangkok jẹ́ olú ìlú rẹ̀, já wá sí Vientiane ní Laos, láti ra sílíìkì lọ́wọ́ Ìyá Bouakham, arúgbó tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ẹ̀rọ náà gan-an. Èdè Síámù ni wọ́n fi ń gbọ́ra wọn yé. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ kò tíì kúrò lórí òfì, Rohaya sì ń dúró dè é.

Ibi tó ti ń dúró ni Shukri ti pè é.

"Ìyá Nuha, níbo lo wà?"

"Vientiane náà ni. Ṣé kò sí o?"

"Kí lo wá ń fi káàdì ṣe ní Bangkok?"

Rohaya bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà yín."

"Mi ò ṣàwàdà. Orí fóònù mi ni alẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí. Lánàá, o gbowó ní Nong Khai lẹ́bàá odò. Láàárọ̀ yìí, Bangkok. Ṣé o ti ń bọ̀ ni, tí o ò fẹ́ kí n mọ̀? Àbí ta lẹ jọ ń rìn?"

Rohaya ṣí báàgì rẹ̀ wàrà. Káàdì wà níbẹ̀. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Òun rèé lọ́wọ́ mi. Ẹ ní kí báńkì tì í pa."

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní káàdì yẹn gan-an ni ẹni náà ń kì bọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ ló sì ń tẹ̀. Owó oúnjẹ ló ń gbà. Olè wo ló ń gba owó oúnjẹ nìkan, Rohaya?"

Ó ti pẹ́ tó ti fi orúkọ pè é kẹ́yìn. Inú bí Rohaya, ara sì ń fu òun náà. Ó ro àwọn tó sún mọ́ ọn nínú ọkọ̀, ó ro ọmọbìnrin tó ń tún yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣe. Nígbà tó gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Ìyá Bouakham, arúgbó náà fi okùn òwú tó ń ká sílẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, mo rò pé ojú ló ń ṣe mí ni. Lọ́jọ́ tí o gbowó, mo ń wò ọ́ bí o ṣe ń sọdá bọ̀. O wọlé, o kí mi. Mo sì tún ń wò ọ́ níwájú ẹ̀rọ, tí o ń tẹ̀ ẹ́."

"Ẹnìkan tó jọ mí ni."

"Ìborùn rẹ ni. Báàgì rẹ ni. Ó gba tirẹ̀, ó sì mú ọ̀nà ibùdókọ̀ pọ̀n." Arúgbó náà kò fẹ́ kí ojú wọn pàdé mọ́. "Kò rìn bí àlejò. Ó rìn bí ẹni tó ń lọ sílé."

Shukri tún pè é pé alẹ́ẹ̀tì ti wọlé láti Hat Yai. Lẹ́yìn náà, ti Golok wọlé, ìlú ẹnu ibodè tí èèyàn ti ń sọdá sí ìlú wọn. Rohaya pe ọkọ rẹ̀ padà. Ó gbọ́ epo tó ń ta nínú páànù. Ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń kọrin jẹ́jẹ́.

"Bàbá Nuha, èmi ni. Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Ohùn Shukri kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá aláìsàn lọ.

"Ìyá Nuha ti dé. Ó wà ní kíṣìnnì, ó ń dín ẹja. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Shukri kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

Rohaya pa aṣọ tì. Ìyá Bouakham dá owó rẹ̀ padà fún un láìjiyàn, bí ẹni tó fẹ́ kó tètè kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú ló sì wọ̀ délé. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò wọn, Ìyá Jah, ń sá ẹja sí oòrùn.

"Háà, kí lo tún gbàgbé?" ni Ìyá Jah bi í. "Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ò ń lọ mú Nuha níléèwé ni?"

Rohaya kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré títí àyà rẹ̀ fi ń ta á.

Nuha wà lábẹ́ igi lẹ́nu géètì iléèwé, ó gbá báàgì ìwé mọ́ àyà. Kò sí obìnrin kankan nítòsí rẹ̀. Rohaya na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà fà sẹ́yìn.

"Nuha, èmi ni. Màmá rẹ ni."

"Màmá lọ ra omi ìrèké fún mi." Ohùn rẹ̀ kéré. "Wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní ẹ máa wá, pé ẹ máa jọ àwọn gan-an, kí n má tẹ̀ lé yín."

Rohaya kúnlẹ̀ sínú eruku. "Wò mí dáadáa, ọmọ mi. Ṣé o rántí ohun tí mo sọ sí ọ létí lọ́jọ́ tí mò ń lọ? Ìwọ àti èmi nìkan la mọ̀ ọ́n. Mo ní tí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, kí o gbé ìrọ̀rí mi mọ́ra, pé òórùn mi wà níbẹ̀."

Nuha wò ó pẹ́. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ máa mọ ìyẹn náà."

Alùpùpù kan dúró ní òdìkejì títì. Shukri ni. Ọmọ náà sáré bọ́ sí i lára, ó fi ojú pamọ́ sínú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Shukri wo Rohaya láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì sọdá.

"Bàbá Nuha," ni Rohaya pè é.

Fóònù Shukri dún. Ó yọ ọ́, ó wo orúkọ "Ìyá Nuha" tó wà lójú rẹ̀, ó tún wo Rohaya, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo nínú eruku.

Ó gbé e sétí.

"Mo ti rí i," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ó wà níbí. Ìwọ, má tíì bọ̀."