Nọ́ọ̀tì Kẹrin

Ọjọ́ tí àbúrò Sípánà wa píkọ́ọ̀pù wọlé, gbogbo àdúgbò ló pàtẹ́wọ́. Sípánà mẹkáníìkì náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń ta á bí ata. Ọmọ ìyá òun! Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Ẹni tó ń bá òun fọ aṣọ iṣẹ́ nígbà yẹn ló wá di ọlọ́kọ̀, òun ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ẹ gbà mí o! Owú ò jẹ́ kó sùn, kò sì jẹ́ kó jẹun.

Owú yẹn ló gbé e dé yàrá oníṣègùn kan tí kò ní fèrèsé. Oòrùn ń ràn níta, inú yàrá ṣókùnkùn biribiri. Ilẹ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Kò rí ojú oníṣègùn náà, ohùn rẹ̀ nìkan ló gbọ́.

"Kí lo fẹ́?"

"Bàbá, mo fẹ́ lówó ju àbúrò mi lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "O ò kúkú ní o fẹ́ lówó. O ní kó o ṣáà ti jù ú lọ. Mo mọ irú yín." Ó na ìgò epo dúdú kan sí i. "Fi èyí pa nọ́ọ̀tì kan lára ọkọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ lè kàn án. Ẹni tó bá fi ẹnu kàn án, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ni màá gbà. Ẹnu ẹja ní í pẹja. Ẹnu òrofó ní í pòrofó. Ẹnu tó bá gba irin yìí, kó má ráyè ké."

"Àbúrò mi ni, bàbá."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó o tó wá."

Sípánà mú ìgò náà.

Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò fúnra rẹ̀ gbé ọkọ̀ dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú àwọn rọ́bà tó ń gba ẹrẹ̀ lẹ́yìn táyà yìí, àti irin tó gbé wọn dúró. Wọ́n ti gbó. Ẹ jẹ́ n lọ gba tuntun wá."

"Tètè dé o. Wàá bá mi di nǹkan mú."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di irin àkọ́kọ́ mú, gbogbo wọn ti dípẹtà. Ó tú mẹ́ta sínú agolo. Ó fi epo pa ẹ̀kẹrin, ó sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tí àbúrò bá dé, yóò ní kó fi eyín bá òun dì í mú, bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá wọn a máa pariwo: "Ṣé agolo ò sí ni?"

Lójijì, irin náà dún gbàù, ó fẹ́ já lu ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbá a mú. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún sáré tú nọ́ọ̀tì tó kù, kí irin náà lè yọ kúrò lórí òun. Ọwọ́ rẹ̀ kún. Láìrò ó, ó ju nọ́ọ̀tì sẹ́nu bí ìṣe rẹ̀.

Ó korò bí ewúro.

Yéè! Ó tu ú dànù síta, ó ń yí gbirigbiri lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ahọ́n rẹ̀ ń wú. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná kún ẹnu rẹ̀, eyín kan bọ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ ké, ohùn ò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde wá wò ó!" Àbúrò ti dé. Ó gbé rọ́bà tuntun méjì dání, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sí wọn lára: Ọ̀GÁ SÍPÁNÀ. "Tiyín ni ọkọ̀ yìí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú mi wọṣẹ́? Mi ò gbàgbé o."

Sípánà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀tì yín rèé, ó ti fẹ́ sọ nù." Àbúrò bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Rọ́bà kún ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn náà ló ṣe: ó ń gbé nọ́ọ̀tì náà lọ sẹ́nu.

Sípánà fi gbogbo agbára tó kù fún un fa ọrùn ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ṣubú gbì, nọ́ọ̀tì já bọ́. Sípánà rápálá mú un, ó sì di ẹ̀ṣẹ́ lé e lórí.

Ẹ̀ṣẹ́ yẹn ò ṣí mọ́. Àbúrò bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó gbìyànjú láti tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí i tú. Bó ṣe kú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe sin ín, tòun ti nọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́.