Awẹ́ Irin Tó Sọnù

“Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀! Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí dókítà!”

Sùrájù ló ń sọ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni dókítà. Aláìsàn tó wà níwájú rẹ̀ ni mọ́tò pupa Ìyáàfin Ìbíyẹmí, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Ìpájà, tí ìdí rẹ̀ ń rú èéfín láràárọ̀ bí ẹni ń sun ẹran. Àwọn òǹwòran ti pé sábẹ́ igi káṣú ní Dópèmù lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà: Nùrẹ́nì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lódìkejì títì, ọmọbìnrin méjì tó ru omi, àti bàbá arúgbó kan tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Sùrájù ló ránṣẹ́ pe gbogbo wọn, àfi bàbá arúgbó.

Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, jáde ni. Gbogbo ẹni tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ló ń ra mọ́tò, gbogbo ẹni tó sì mọ sípánà dì mú ló ń jẹ́ injiníà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni Sùrájù máa ṣe fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní kí wọ́n kọ “Injiníà Sùrá” sára pátákó kan. Ó gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń yọ ọ́ wò bí ẹni ń yọjú wo ìyàwó tuntun.

Ọ̀gá rẹ̀, Àlàó ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló fa iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ kó tó lọ sí ìsìnkú nílé.

“Rọ́bà ẹnu fáàfù ló ti jẹ,” ni ọ̀gá wí. “Má ṣí orí ẹ́ńjìnnì o. Bí páálí tó wà láàárín orí àti ara bá ya, a ò rí òmíràn rà lọ́jà báyìí. Okùn ni kí o lò, bí mo ṣe kọ́ ọ. Kí o sì fi àkísà dí gbogbo ihò. Má kánjú. Iṣẹ́ yìí ò fẹ́ ìwòran.”

Sùrájù gbọ́ gbogbo rẹ̀, àfi gbólóhùn ìgbẹ̀yìn.

“Ẹ wò ó,” ló wí fún àwọn èrò rẹ̀, “fáàfù so rọ̀ síbí bí àdán. Sípíríǹgì yìí ló fà á mọ́ òkè. Awẹ́ irin méjì, tí wọn ò ju èékánná ọmọdé lọ, ló há sípíríǹgì mọ́ ọrùn fáàfù. Bí ẹni tí kò mọṣẹ́ bá yọ awẹ́ méjèèjì, fáàfù á já sínú ẹ́ńjìnnì, ó di kí wọ́n ṣí gbogbo orí. Èmi wá ńkọ́?”

Ó ki okùn bọ ihò púlọ́ọ̀gì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ lẹ́kọ mu. Ó fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì títí písítìnì fi gòkè, tó sì fún okùn mọ́ ìdí fáàfù pinpin.

“Níbo ló fẹ́ já sí mọ́?”

“Injiníà!” ni Nùrẹ́nì ké. “Ọmọ tí òyìnbó ń bẹ̀rù!”

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ni kò sí nílé. Àkísà tó yẹ kó fi dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà sọ̀kalẹ̀ ti dọ̀tí, kò yẹ dókítà, nítorí náà ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀, ó sì gbójú sókè láti mọ̀ bóyá ọmọbìnrin olómi tó pupa ń wo òun. Awẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Èkejì ta kúrò, ó dún tín-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́ sínú ihò ọ́ìlì.

“Kí ló dún yẹn?” ni bàbá arúgbó béèrè.

“Kò sí nǹkan kan, Bàbá.”

Sùrájù mọ ibi tó wà. Láti rí i, àfi kó da ọ́ìlì nù, kó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, kó tú abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, kò jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì níwájú ẹni tó ń pè é ní injiníà? Ó tú inú agolo irin àlòkù, ó rí awẹ́ mọ́tò mìíràn, ó fi fáìlì rẹ́ ẹ lára, ó sì fi há ọrùn fáàfù lẹ́yìn tó pààrọ̀ rọ́bà. Awẹ́ náà jókòó síbẹ̀ bí fìlà àyálò.

Nígbà tó tanná sí mọ́tò, kò séèfín rárá. Àwọn ọmọbìnrin sọ omi kalẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Àlàó dé. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà, ó ní, “Sùrá, o ò dójú tì mí.” Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Sùrájù, ó kan eyín, ó padà. Ìyá rẹ̀, Mọ̀dínátù, ti dé láti Ọ̀yọ́ láàárọ̀ náà pẹ̀lú ìrẹsì àti ewúrẹ́ fírídọ̀mù, ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń wo òṣùpá.

Nírọ̀lẹ́, Ìyáàfin Ìbíyẹmí wá gba mọ́tò. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tẹ̀lé e, Agnes, ọmọ opó kan ní Ẹ̀gbẹ́dá.

“Bàbá, ṣé mo lè gbọ́kàn lé e? Mo fẹ́ gbé ọmọ yìí lọ sí Yáàbá láàárọ̀ ọ̀la. Ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é.”

“Ẹ bi ẹni tó ṣiṣẹ́,” ni ọ̀gá wí.

Gbogbo ojú yí sí Sùrájù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ máa lọ, Mà. Kódà, bó jẹ́ Kánò.”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Sùrájù kò tilẹ̀ dé Yáàbá. Kí wọ́n tó kọjá Agége, awẹ́ àyálò náà yọ, fáàfù já, písítìnì gbá a tẹ̀, mọ́tò sì kú sójú ọ̀nà. Nígbà tí tíṣà àti ọmọ fi rí bọ́lẹ̀kájà wọ̀, tí wọ́n sì dé Yáàbá, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò ti wà ní títì.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fa mọ́tò padà sí Dópèmù. Ọ̀gá Àlàó ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Ó tú abọ́ ìsàlẹ̀. Nínú ọ́ìlì ló ti rí awẹ́ tó sọnù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù tó tẹ̀ ló ti rí àyálò. Ó kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n pẹ́. Kò wo Sùrájù. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò tèmi ni n ó yọ fún yín.”

“Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jàre. Mọ́tò kọ́ ló ń dùn mí. Ta ni yóò dá ìdánwò padà fún ọmọ yìí?”

Agnes dúró sẹ́yìn rẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ti lọ̀, rúlà àti pẹ́ńsùlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá ti gbà á lórí ara rẹ̀. Kí Sùrájù sáà ti panu mọ́, fírídọ̀mù á wáyé lọ́la, ìyá á jó, òun á di ọ̀gá. Ó wo ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ lórí ilẹ̀, ewú orí rẹ̀ nínú erùpẹ̀ dúdú. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Èmi ni, Mà. Awẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Mo mọ̀ nígbà tí mo ní kí ẹ máa lọ.”

“Yéè, Sùrájù!” Mọ̀dínátù fi ìborùn bo ojú.

Agnes ló sún mọ́ ọn. “Ẹ mọ̀?” Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè lọ. “Ẹ mọ̀, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sí wa?”

Sùrájù fi iwájú orí kan erùpẹ̀.

Ọ̀gá Àlàó dìde, ó gbọn erùpẹ̀. “Ìdánwò ọmọ yìí di ọdún tó ń bọ̀. Fírídọ̀mù tìrẹ náà di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ yìí bá wọlé ṣe ìdánwò rẹ̀ ni n ó tó tú ọ sílẹ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ ṣàánú,” ni Mọ̀dínátù wí. “Àwọn èèyàn mi ti ń bọ̀ lọ́nà.”

“Ìyá Sùrá, bí mo bá ṣàánú rẹ̀ lónìí, ta ni kí n ní kó wọ mọ́tò tó bá ṣe lọ́la?”

Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn àlejò dé. Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe, kò fi ọ̀kan pamọ́, ó sì fún wọn lóúnjẹ. Sùrájù wà lábẹ́ mọ́tò pupa, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì àrọ́pò sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Awẹ́ irin lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ọ̀gá tí nǹkan kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí a ti mọ̀ pé ó bọ́, tí a sì rẹ́rìn-ín nítorí pé àwọn èèyàn ń wò wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nítorí ojú ayé, ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rí, tó mú rúlà àti pẹ́ńsùlù dání, tó gbà á gbọ́.