Ìró Kejì

Ìbọn kan ṣoṣo ni ọkọ mi máa ń gbé wọ igbó, ṣùgbọ́n ìró méjì ni mo máa ń gbọ́. Èkíní á dún, pá, bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́. Igbó á dákẹ́ díẹ̀. Èkejì á wá dún láti ọ̀nà jíjìn, gbòò, ìró tó wúwo, tó máa ń mi àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Oko ẹ̀gẹ́ wa lẹ́yìn Ìlọrà ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, lọ́sàn-án gangan. Ẹ má rò pé àlá ni mo ń rọ́.

“Bàbá Tùmí, ta lẹ jọ wà nínú igbó?” Mo bi í lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

“Èmi nìkan ni.” Ó sọ ìgalà tó gbé léjìká kalẹ̀. “Ṣé o rí ohun tí ráífù ń ṣe? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.”

Ọ̀rọ̀ ráífù yẹn ti di orin lẹ́nu Olúmúyìwá ọkọ mi. Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ọjọ́ Sátidé ló fi ń ṣọdẹ. Ìbọn òyìnbó ni, ìdí rẹ̀ ń dán, awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà sì wà lórí rẹ̀. Iye tó rà á, títí dòní ni kò lè sọ ọ́ lójú mi. Nígbà tí Bàbá Ọ̀pádọ̀tun, àgbà ọdẹ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ mi, wá wò ó, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, “Ó rẹwà o. Ṣùgbọ́n kí ló máa ṣe tí ṣakabùlà mi ò ní ṣe?”

“Bàbá, kí ẹ tó ki ẹ̀tù bọ ẹnu tiyín, tèmi á ti pa ẹran méjì.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín dáadáa, ojú sì ń tì mí nísinsìnyí.

Èmi ni mo máa ń kun ẹran tó bá pa. Ọta ráífù kì í ju ẹyọ kan lọ, ihò kan ló sì yẹ kí ó dá sí ẹran lára. Ihò wẹ́wẹ́ ni mo bá lára ìgalà yẹn, ọ̀bẹ mi sì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lára irin. Mo yọ ọ̀kan, mo fi omi ṣàn án. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fi sípóòkù ṣe ọta: Bàbá Ọláṣùpọ̀, bàbá ọkọ mi. Abẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa fi píńsọ̀ gé e. A sì ti sin wọ́n láti ọdún tó kọjá.

Mo da àwọn irin náà sí ṣáláńgá. Ẹran tó tẹ̀lé e, irin náà ni. Mo tún dà á nù, mo pa ẹnu mọ́, nítorí mo mọ ohun tí a ṣe.

Bí ọdẹ bá kú lọ́dọ̀ wa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin a ru ìbọn rẹ̀, àpò rẹ̀, ẹ̀wù ìgbẹ́ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ lọ sínú igbó, wọn a sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí, kí ó máa lọ sinmi. Ìpà là ń pè é. Nígbà tí wọ́n wá béèrè ẹrù Bàbá, ọkọ mi ti di díákónì, àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ sì ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú. Ó tì í lójú kí wọ́n rí òun tí òun ru ìbọn tí wọ́n fi wáyà so ìdí rẹ̀. Ó ní ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni. Àwa méjèèjì la fi ẹní wé e, tí a gbé e pa mọ́ sórí àjà.

Ọlálékan ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Ọmọ ìlú Akinmọ́rìn ni, ọ̀kadà ló ń wà, òun náà sì ń ṣọdẹ. Ó ń wo ẹran tí ń wọlé wa, ó wá bá ọkọ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ẹni tó máa ra ọ̀kadà mi. Ṣé kí n fi ra irú ìbọn yín?”

Ọ̀kadà yẹn ló ń bọ́ ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Mo dúró kí ọkọ mi ní kó ṣe sùúrù.

“Rà á,” ó ní. “O ò ní kábàámọ̀.”

Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ mi ní kí Ọlálékan àti Bàbá Ọ̀pádọ̀tun bá wa jẹun. Ẹran ọ̀yà ni mo sè. Bàbá ń jẹ lọ, wọ́n ṣàdédé dúró, wọ́n yọ irin kan lẹ́nu, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn.

“Ọláṣùpọ̀,” ni wọ́n rọra wí. Wọ́n gbójú sókè. “Múyìwá, níbo ni ìbọn bàbá rẹ wà?”

“Mo ti sọ fún yín, Bàbá. Ikán ti jẹ ẹ́.”

Bàbá fi irin náà sápò. Wọn ò fọwọ́, wọn ò dágbére, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ọlálékan náà lọ, tó ku àwa méjì, mo ní, “Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìró kejì.”

Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. “Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọta mi ò ba ẹran kankan rí, Àwẹ̀ní. Màá yìn, ẹran á máa wò mí. Ìgbà tí èkejì bá dún ló máa ń ṣubú.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìpà fún Bàbá.”

“Jẹ́ kí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kọjá ná. Mo ti ṣèlérí ẹran.”

Mo wo ojú ẹni tí mo fẹ́. Òkú bàbá rẹ̀ ló ń rán níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì mọ̀. Ojú rẹ̀ tì mí débi pé mi ò lè bá a jókòó.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gbé ìgalà mìíràn dé, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀. Bó ṣe wọlé lọ wẹ̀, mo gun orí àjà. Mo tú ẹní náà. Òórùn ẹ̀tù jíjó kọlù mí nímú. Mo fọwọ́ kan ẹnu ìbọn, ó gbóná. Òógùn ti mú ẹ̀yìn ẹ̀wù ìgbẹ́ náà rin gbingbin, ẹ̀ẹ̀mọ́ tútù sì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Mo gbé bàtà. Odindi ni nígbà tí a wé e. Báyìí, ẹrẹ̀ kún un, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lu.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, níbi tí kò sí ẹnì kankan, mo gbọ́ tí èèyàn mí kanlẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe máa ń mí tó bá ti oko dé.

Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.” Ni mo bá bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Ọlálékan níta. Òun àti ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kadà ló wá. Mo gbé ẹní náà sọ̀kalẹ̀, mo tẹ́ ẹ síwájú gbogbo wọn ní gbàgede, ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn.

“Ọlálékan, má ta ọ̀kadà rẹ. Ìbọn ọkọ mi ò pa nǹkan kan rí. Èyí ló ń pa ẹran. Fọwọ́ kàn án.”

Ó fọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà. Ó wo ọkọ mi. Ọkọ mi ò lè gbórí sókè. Omi ìwẹ̀ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀, kò nù ún.

Nígbà tí àwọn ọdẹ máa ṣe ìpà náà, mo fi bàtà tuntun rọ́pò èyí tó lu. Obìnrin kì í kọjá etí igbó, torí náà ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ọkọ mi ló ru ẹrù bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Bàbá Ọ̀pádọ̀tun ní kó gbé ráífù rẹ̀ dání.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: pá.

Mo dúró de èkejì. Mo dá èémí dúró, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lára koríko. Nǹkan kan ò dún.

Wọ́n jáde lọ́wọ́ òfo. Ọlálékan sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe gbé ẹrù sílẹ̀ tí wọ́n ń padà ni ìgalà kan dúró sójú ọ̀nà, ó sún mọ́ wọn débi pé ọmọdé lè sọ òkò bà á. Ọkọ mi yìn ín, ó tàsé, gbogbo wọn sì tẹ́tí. Ìgalà náà wò wọ́n títí, ó wá rọra rìn lọ.

Ọkọ mi ló jáde kẹ́yìn. Kò wo ojú mi.

“Àwẹ̀ní,” ó ní, “Bàbá ò dáhùn.”

Mo gba ráífù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ó tutù.